Sítíárìn Ìjàpá tó dẹ̀, ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ibi tí wọ́n ti ń tò wọ́n nígbà kan rí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá lọ́dún 1975. Ọ̀nà yẹn kan náà ló tún wá ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti bá kòtò Òkókómáìkò jà rí mọ ohun tí mò ń wí.

Sítíárìn ló dẹ̀. Mo máa yí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kí táyà tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Tí mo bá sáré díẹ̀, iwájú á máa gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ṣáà wà lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, àìsàn ibẹ̀ kì í pẹ́ fara hàn.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ rí i ní kí n lọ ra odindi steering box tòkúnbọ̀, ìyẹn àpótí irin tó ń gba yíyí sítíárìn lọ fún táyà. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀! Nígbà tí mi ò dáhùn, ó ní òun á kúkú fún ìdè orí rẹ̀ le. Mo dúpẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi. Tí wọ́n bá fún ìdè yẹn jù, sítíárìn á le, kò sì ní fúnra rẹ̀ padà sí àárín mọ́ téèyàn bá kọ́nà tán.

Bàbá Ègùn kan ní Ajárá ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n jókòó sínú ọkọ̀, kí táyà wà nílẹ̀, kí n máa mi sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n wọ abẹ́ lọ, wọ́n ń di oríkèé mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀. Wá fọwọ́ kàn án."

Ọmọ iṣẹ́ wọn bá mi mi sítíárìn. Tie rod end ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn oríkèé tó wà létí ọ̀pá tó ń fa táyà yí, ń kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Rọ́bà tó bò ó ti ya, omi àti yanrìn ti wọlé. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ box náà ti sán. Box fúnra rẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan.

Yíyọ tie rod end náà ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n fa pín-ìnnì yọ, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, irin náà kò mira. Mo rò pé wọ́n á máa lù ú lórí bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe. Rárá o. Òòlù ńlá kan ni wọ́n fi ti ẹ̀gbẹ́ ihò tó há sí, wọ́n fi òmíràn gbá ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbàà! Ó já bọ́. Wọ́n ti fi téèpù wọn gígùn ọ̀pá náà kí wọ́n tó tú u, torí pé ẹsẹ̀ ìdè ẹ̀gbẹ́ kan ń yí sọ́tùn-ún, ti èkejì ń yí sósì.

Tie rod end mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la pààrọ̀, àti rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn. Kùtọnu ni mo ti rà wọ́n. Wọ́n ní kí n fi steering damper, èyí tó ń pa gbígbọ̀n sítíárìn, sílẹ̀ ná, pé tuntun rẹ̀ a máa bo àṣírí oríkèé tó ti jẹ. Wọ́n fi téèpù wọn àárín táyà iwájú méjèèjì, kí àlàfo tó wà láàárín wọn níwájú lè fi díẹ̀ kéré sí èyí tó wà lẹ́yìn wọn, kí n tó gbé e lọ síbi alignment.

Gbígbọ̀n ti tán. Púpọ̀ nínú àwọn Ìjàpá tó ṣáájú 1966, king pin, irin tí ẹsẹ̀ táyà iwájú ń yí lé lórí, ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, kì í ṣe ball joint, oríkèé olórí róbótó, bíi tèmi. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ king pin rí, níbo lẹ ti rí i rà?