Èso "àpamọ́" kọ́: ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn oníṣòwò Òkè Àrín àti Ìdúmọ̀tà tó ń kó èso wọlé dá ọ̀rọ̀ méjì. "Èso àpamọ́" ni wọ́n pe gbogbo èso tí wọ́n ti tọ́jú kó má bàjẹ́. "Kóró" ni wọ́n pe kajú, álímọ́ńdì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àwọn ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ tí wọ́n bá dé Apápá, wàhálà ni wọn yóò dá sílẹ̀.

"Àpamọ́" kó nọ́ńbà méje sínú àpò kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ńbà inú ìwé tárífù tí Aṣọ́bodè fi ń pín ẹrù sí ọ̀wọ́ kí wọ́n tó gba owó orí. Èso dídì wà ní 0811. Èyí tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ tàbí tí wọ́n fín ní èéfín imí ọjọ́, tí kò tíì ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀, 0812 ni. Gbígbẹ wà ní 0813, àfi èyí tó bá ti ní ilé tirẹ̀ ṣáájú, bíi dàbínò ní 0804 àti àjàrà gbígbẹ ní 0806. Ti inú fíníkà, omi kíkan tí wọ́n fi ń tọ́jú oúnjẹ, wà ní 2001. Èyí tí ṣúgà ti wọ̀ lára tí wọ́n wá ro omi rẹ̀ dànù, 2006, jáàmù, 2007, ti inú agolo tó wà nínú omi ṣúgà, 2008. Ẹni tó kọ "máńgòrò àpamọ́" sínú ínfọ́ìsì kò tíì sọ nǹkan kan fún Aṣọ́bodè.

Èdè wa sì ti ní ohun tí ìwé tárífù ń wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ẹ wo ẹ̀pà. Tí wọ́n bá kàn sá a sóòrùn, ì báà wà nínú èèpo, ì báà jẹ́ pípa, 1202 ni, láàárín àwọn kóró olóròóró ní Orí 12. Tí wọ́n bá yan án, tàbí wọ́n sè é, tàbí wọ́n dín in, ó di 2008.11. Oníṣòwò tó bá mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹ̀pà sísá àti ẹ̀pà yíyan ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Bákan náà ni kajú: gbígbẹ tó ṣì wà nínú èèpo, 0801.31, èyí tí wọ́n ti pa, 0801.32, yíyan oníyọ̀ inú ike, 2008.19. Ìwé tárífù tún sọ pé yálà wọ́n ti yọ èèpo líle kúrò tàbí wọ́n ti ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò yí 0801 padà. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn lọ́dọ̀ wa láti ayébáyé: à ń pa kajú, lẹ́yìn náà là ń bó o.

"Tútù" gan-an tún bá òfin mu ju bí mo ṣe rò lọ. Àlàyé kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ Orí 8 ní kí wọ́n ka èso inú fíríìjì sí ara èso tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Lédè wa, tútù ni méjèèjì. Èyí tó di yìnyín nìkan ló kúrò níbẹ̀, ó di "dídì", ó bọ́ sí 0811, ì báà ní ṣúgà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti fi omi bọ̀ ọ́ kó tó dì.

Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti lè tan èèyàn jẹ ni ọ̀rọ̀ iná. Àlàyé kẹta nínú Orí yẹn gbà kí wọ́n mú èso gbígbẹ gbóná níwọ̀nba kó lè pẹ́, kí wọ́n fín in ní imí ọjọ́, kí wọ́n fi òróró tàbí omi ṣúgà díẹ̀ pa á lára kó lè dán, kí wọ́n tilẹ̀ dá omi díẹ̀ padà sí i lára. Tí ìwà èso gbígbẹ ò bá ti kúrò lára rẹ̀, Orí 8 ló ṣì wà. Nítorí náà, "fífi iná kàn" kò tó láti pè é ní yíyan.

Máńgòrò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ ya ọ̀rá kan. Tó bá le bí awọ, tí ojú rẹ̀ ò dán, tí okùn ara rẹ̀ hàn bí ẹ ṣe ń fà á ya, gbígbẹ ni, 0804.50. Tó bá ń mọ́lẹ̀ gàràgàrà bí ẹ bá gbé e sóòkè, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tí ṣúgà sì wà nínú orúkọ èròjà lẹ́yìn ọ̀rá, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà tó ń ki sí i díẹ̀díẹ̀, títí ṣúgà fi gba ipò omi ara rẹ̀. 2006 nìyẹn. Mo dábàá "èso amuṣúgà", kó lè yàtọ̀ sí "èso inú omi ṣúgà" tó wà ní 2008.

Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí oníṣòwò ń kọ kí ẹrù tó gbéra, ni kóòdù náà ti kọ́kọ́ fara hàn, kó tó dénú PAAR, ìwé tí Aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó orí kí ẹrù tó dé. Tí wọ́n bá ṣí kọ̀ntẹ́nà ní èbúté Tin Can tí ohun tí wọ́n bá kò bá ìwé mu, wọn yóò tún owó orí ẹrù náà ṣírò, dẹ́bíìtì nótì (ìwé owó tó kù láti san) yóò jáde, dẹ́múrééjì (owó ìtanràn kọ̀ntẹ́nà tó pẹ́ ní èbúté) yóò sì máa ka ọjọ́ lọ. Òǹkà mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo ayé. ECOWAS fi mẹ́rin kún un, ìlà tí ẹrù bá sì bọ́ sí ló ń sọ bóyá owó orí rẹ̀ jẹ́ 0, 5, 10, 20 tàbí 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún 0812, "èso àrẹsílẹ̀". "Sílẹ̀" yẹn sọ pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ṣẹ́rì pupa orí kéèkì bẹ̀rẹ̀ báyìí: ó funfun báláú nínú omi imí ọjọ́, 0812.10, ìgbà tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn ún, tó mu ṣúgà, ló di 2006.

"Kóró" ńkọ́? Ẹ̀gúsí, kóró ni, 1207.70 ló wà. Ekùrọ́, 1207.10. Ẹ bá sọ "kóró", àwọn wọ̀nyí á wọlé láìpè. Mo dábàá "èso àpajẹ", nítorí à ń pa á ká tó jẹ ẹ́.

Èsì ẹ̀gbọ́n:

Àbúrò, mo gba ti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe, mo sì gba "amuṣúgà" àti "àrẹsílẹ̀". "Àpajẹ" ni mi ò gbà. Àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ló sọ sí mi lọ́kàn. Èkejì, ẹ̀gúsí tí ẹ ń lé jáde, pípa la ń pa òun náà. Obì ní nọ́ńbà tirẹ̀, 0802.70, a sì ń sọ pé "pa obì", àmọ́ awẹ́ là ń là, kò kan èèpo. Ìwé tárífù gan-an kò sọ ìtumọ̀ ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí. Orúkọ ló ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan: àgbọn, kajú, álímọ́ńdì, obì. Ẹ jẹ́ kí àwa náà pe orúkọ.

Èmi náà ní ìbéèrè kan. 0813.50 ni àjàrà gbígbẹ pẹ̀lú kajú àti álímọ́ńdì tí wọ́n kó pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Tí ẹ̀pà yíyan bá wọ inú rẹ̀, ó ti bọ́ sí 2008. Mo ti kọ "àdàlù" síbẹ̀, ìyàwó mi sì bi mí pé ẹ̀wà dà níbẹ̀. Ṣé "àpòpọ̀" kò ní dáa jù?