Owó tí wọn ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Àje
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi. Àwọn àna mi wá láti Ìlọrin wo Ojúde Ọba tó kọjá. Ilé wa ti kún, ni mo bá gba yàrá méjì sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó ku oṣù méjì kí Ìléyá pé. Wọ́n ní 35,000 náírà ni yàrá kan, mo fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí a dé, wọ́n ní owó ọdún ti gorí ẹ̀, owó iná náà ti gorí ẹ̀, yàrá kan ti di 58,000. Ìyá ìyàwó mi ti jókòó sórí àpò, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Mo san. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?

Ará Ṣágámù
Pẹ̀lẹ́, ará. Tèmi ò tó tìẹ. Mílíìkì ni, wọ́n kọ 2,400 sí i lórí pẹpẹ, mo dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ó di 2,850. Wọ́n ní àwọn ò tíì ráyè yí bébà ara pẹpẹ. Mo gbé e kalẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Àbúrò Lọ́yà
Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù, ẹ ò bá má gbé e kalẹ̀. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, apá 115, ní iye tí wọ́n bá kọ síta ni oníbàárà máa san, wọn ò gbọdọ̀ fi ipá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iye méjì bá wà lára ọjà kan, èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ san. Bébà tí wọn ò yí, ẹrù tiwọn nìyẹn.

Tèmi Yé Mi
Oní-POS tó ti káàdì bọ̀ ọ́ tán kó tó sọ iye tó máa gbà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ìpẹru
Ti òkú ìyá wa ni n ó sọ. Họ́ọ̀lù ni a gbà, wọ́n dá iye lé e, a san. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó àwọn tó máa gbálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ọdẹ. Wọ́n tún gba owó kan tí wọ́n ní àwọn máa dá padà bí a ò bá ba nǹkan jẹ́, àwa náà san án. Ìṣó kan péré ni àwọn tó wá ṣe ọ̀ṣọ́ kàn mọ́ ògiri, bí owó yẹn ṣe lọ nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá èèyàn jà nígbà tí òkú ìyá ẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì? Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló dùn mí jù.

Ọmọ Òkè-Àje
Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi náà nìyẹn. Wọ́n dúró dìgbà tí mi ò ní ibi tí mo lè yà sí.

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó
Lọ́yà, ṣé òfin yẹn kan àwa tá a jókòó sọ́jà? Mi ò kọ iye sára gàrí. Oníbàárà á sọ tiẹ̀, èmi á sọ tèmi, a ó pàdé.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ìyá, ìnájà ò burú. Kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú ńkọ́?

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó
Kóńgò tèmi ò lábùkù kankan! Ẹni tó bá ra kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, mo máa ń bu èènì fún un. Òtẹ́ẹ̀lì wo ló ń fún èèyàn léènì?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ṣùgbọ́n gàrí tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò lò ju ọjọ́ kan nínú àpò, tí wọ́n ń pè ní gàrí Ìjẹ̀bú fún àwọn ará Èkó, irọ́ nìyẹn náà.

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó
Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún ọ. Bí kò bá kan, kì í ṣe tiwa.

Mo Fẹ́ Rí I
Òfin inú ìwé. Ta ló máa gbé ẹjọ́ 46,000 tí wọ́n fi lé owó yàrá méjì lọ sí Àbújá? Báńkì gan-an ń yọ 50 náírà wa.

Àbúrò Lọ́yà
50 náírà lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, láti 10,000 sókè, ìjọba ló ni ín, kì í ṣe ti báńkì. Ẹ ò sì nílò àti lọ sí Àbújá, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mú òfin yẹn ṣẹ, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá gan-an, torí pé iye orí pẹpẹ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń gbà. Ìtanràn ilé-iṣẹ́ lè wọ 100 mílíọ̀nù náírà.

Ọmọ Rẹ́mọ Lọ́ńdọ̀nù
Níbí, láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2025, iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi hàn ọ́ gbọ́dọ̀ ní gbogbo owó tó jẹ́ dandan nínú. Kí òfin yẹn tó dé, mo ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ń ga sí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan.

Mo Fẹ́ Rí I
Ó dáa. Ọmọ Òkè-Àje, gbé e lọ, kó o wá sọ bó ṣe rí fún wa.

Ọmọ Òkè-Àje
Mo ti rí rìsíìtì àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi sọ 35,000. Alẹ́ òní ni mò ń kọ ọ́. Lọ́yà, ṣé kí n kọ orúkọ ọmọ tó gbowó lọ́wọ́ mi? Ojú ń ti ọmọ yẹn, ilẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àbúrò Lọ́yà
Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, sà. Ẹ kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́, iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ àti iye tí wọ́n gbà.

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àje
Ó ti wálẹ̀, mà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n orí ẹní ní pálọ̀ wa làwọn máa sùn.