Azolla mi pọ́n bí epo, ṣé ó ti kú ni?

Ìyá Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin azolla, ewéko kéékèèké tó ń léfòó lórí omi, sínú kòtò omi tí mo tẹ́ ọ̀rá dúdú sí lẹ́yìnkùlé, kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi lè máa rí i jẹ. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ó tẹ́ bí ẹní, ó tutù minimini. Ní báyìí ó ti pupa fòò, bí mo bá fọwọ́ kàn án, gbòǹgbò rẹ̀ a já. Ọkọ mi ní kí n dà á nù, kí n wá ojú oró.

Àgbẹ̀ Kétu:
Kò tíì kú, ìyá. Oòrùn ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tí ewéko ń jẹ, má tó o. Náítírójìn, èròjà kejì, kọ́ ló wọ́n ọn, ohun abẹ̀mí tíntìntín kan wà nínú ewé rẹ̀ tó ń fa ìyẹn látinú afẹ́fẹ́. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji fún un. Ẹ rẹ ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sómi, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sí i. Díẹ̀ ni mo wí o!

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ máa kó o déédéé náà. Bó bá ti ń gun ara wọn, ti ìsàlẹ̀ á jẹrà. Ojú oró kẹ̀? Gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ irú ẹ̀fọn kan máa ń lẹ̀ mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ:
Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi náà ló máa gé imọ̀ ọ̀pẹ yẹn.