Ṣé Dáwódù lè dá ilé ẹbí tà?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé tí bàbá bàbá wa kọ́ sí Ìkòròdú ni mo fẹ́ gbàmọ̀ràn lé lórí. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n ní: ìyálé bí márùn-ún, ìkejì bí ẹyọ kan, ìkẹta bí méjì. Wọn ò ṣe wíìlì. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, onítọ̀hún sì ní òun ó kó ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti òpó ilé lọ. Kí ni ká ṣe? Bí wọ́n bá sì tà á, báwo la ó ṣe pín in?

Bàbá Èbúté: Ilé yẹn kì í ṣe ti Dáwódù. Ọjọ́ tí bàbá kú láìṣe wíìlì ló ti di ogún gbogbo ọmọ. Alábòójútó ni Dáwódù. Olórí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, 1959, là á yé wa: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà á lẹ́yìn wọn, ó ṣì dúró títí ilé ẹjọ́ yóò fi fagi lé e. Ibí yìí ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí: wọ́n á máa retí ìpàdé, ẹni tó rà á á ti wó ilé. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, kí lọ́yà kọ̀wé sí Dáwódù àti ẹni tó fẹ́ rà á pé ẹ ò fọwọ́ sí títà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé ìwé náà tẹ àwọn lọ́wọ́. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó yẹn o! Ẹni tó bá gba ìpín, wọ́n á ní ó ti gbà sí títà.

Ìyá Ìbejì: Ká ní ₦24,000,000 ni. Ní ìdí-igi, ₦8,000,000 ló kan ìyàwó kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyálé gba ₦1,600,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ṣoṣo yẹn kó ₦8,000,000, àwọn méjì gba ₦4,000,000, ₦4,000,000. Ní orí-ò-jorí, ₦3,000,000 ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó parí sí Lọ́ńdọ́nù ní 1962 ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Bí ìjà bá dé ni olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí. Ọmọ tó bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ìpín rẹ̀.

Oníṣẹ́ Ọnà: Ilẹ̀kùn yẹn ló ká mi lára jù. Òfin àjọ mùsíọ́ọ̀mù ti 1979 ka ilẹ̀kùn àti òpó tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú 1918, tàbí tí wọ́n lò nínú orò, sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjọ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tàbí aṣojú tí wọ́n fún níwèé nìkan lẹ lè tà á fún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti létí. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kì í lo ínjì irin: etí tí wọ́n gbẹ́ mọ́ pákó náà ló ń yí nínú ihò lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á fi ayùn gé etí yẹn, kò sì ṣe é tún ṣe mọ́.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣeun gan-an. Inú ihò náà ni tiwa ń yí. Mò ń lọ ya fọ́tò rẹ̀ báyìí.