Ilé yunifásítì tí wọ́n ní kì í jẹ iná: ẹ wá sọ ojú yín

Ọmọ Ọgbà: Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ilé tuntun tí wọ́n ní kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀ yìí, ta ló ti kàwé tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ wá sọ ọ́.

Aláìsùn: Iná tó ń dá tàn, tó ń dá kú ni wọ́n fi sí yàrá ìkàwé wa. O jókòó jẹ́jẹ́, ìwé ń wọlé, ló bá ṣókùnkùn! Iná ní kò séèyàn. Gbogbo wa á wá máa ju apá bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Títí: 😂😂😂 Tiwa kú nínú ìdánwò!

Bàbá Físíìsì: Irọ́. Alámòójútó ń rìn kiri, iná ò lè kú.

Títí: Ẹ̀gbọ́n, tiwa ti sùn lọ fọnfọn.

Oníwáyà: Iná kọ́ lẹ máa bá wí. Ooru ara tó ń rìn ni ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná, tó ń pa á yẹn ń ṣọ́. Bí pẹpẹ ìwé bá dí i lójú, kò rí yín. Kí wọ́n gbé e sókè àjà, kí wọ́n sì jẹ́ kó dúró tó ogún ìṣẹ́jú kó tó pa iná.

Aláìsùn: Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà.

Ayàwòrán Ilé: Kékeré nìyẹn. Gíláàsì ni kí ẹ sọ. Tí gíláàsì bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti lọ sílẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn, àríwá àti gúúsù ló yẹ kó kọjú sí.

Màmá Ọ́fíìsì: Ẹ ti rí ọ́fíìsì mi! Wọ́n ní gíláàsì á jẹ́ ká máa fi ojúmọmọ ṣiṣẹ́. Ní báyìí a ti fi páálí dí i tán, a wá ń tan iná lọ́sàn-án gangan.

Títí: Páálí 😭

Ayàwòrán Ilé: Ẹ wo ilé ẹ̀ka Humanities tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, yà ní yunifásítì Ifẹ̀. Ó dorí kodò, òkè yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ló fi ń ṣíji bo ara rẹ̀. Fry àti Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé, náà fi ògiri oníhò sí yunifásítì Ìbàdàn: afẹ́fẹ́ ń wọlé, oòrùn ò ráyè.

Bàbá Físíìsì: Ìgbà yẹn, ta ló kó kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ tó ń gbóná sínú yàrá kan?

Oníwáyà: Òótọ́. Wọ́n tún wá gbé AC sí yàrá tó ní fèrèsé louvre, gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ yẹn. Atẹ́gùn tútù ń gba àárín gíláàsì jáde, wọ́n ní AC ò ṣiṣẹ́.

Ọmọ Láàbù: Ẹ ò mọ ti láàbù. Àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta, bí ẹ bá ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú, gbogbo òtútù AC ló ń bá a lọ. Ẹ fà á wálẹ̀!

Màmá Ọ́fíìsì: Ta tiẹ̀ ló ń fi AC sí 16? Fi sí 25, kí o tan fáànù.

Títí: Ẹ̀yin tí òtútù ń mú ẹ wọ súwẹ́tà jàre.

Màmá Ọ́fíìsì: Ṣé ìwọ ló ń sanwó iná ni?

Títí: Ẹ̀yin náà kọ́, mà.