Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, ṣé ó lè ṣe Ààrẹ Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò bí sí Nàìjíríà ò lè du ipò Ààrẹ láéláé, pé bí tàwọn Amẹ́ríkà ni tiwa náà rí. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì yẹ ká tọ́jú fáwọn ọmọ báyìí kó má baà dẹjọ́ lọ́la?

Bàbá Lọ́yà, Bódìjà: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Amẹ́ríkà ló ní àfi ọmọ-bíbí ilẹ̀ àwọn, tó pé ẹni ọdún 35, tó sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 14. Ìdí nìyẹn tí Arnold Schwarzenegger, ọmọ Austria, fi ṣe gómìnà California tí kò lè du Ààrẹ. Abala 131 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tiwa náà ní àfi ọmọ Nàìjíríà "nípa ìbí", ṣùgbọ́n ẹ ṣí abala 25 kẹ́ ẹ rí ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni. Ẹ̀jẹ̀ lòfin ń wò, kì í ṣe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀. Àmọ́ bàbá àgbà nìkan ò tó fún ọmọ tí wọ́n bí sóde o. Ọjọ́ orí tiwa náà ti di 35 láti 2018. 40 ni tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Houston: Ẹ ṣé, sà. Páálí òyìnbó, ìwé ọmọ-ìlú ibòmíì, wá ńkọ́?

Bàbá Lọ́yà, Bódìjà: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Abala 137 lé ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ gba ìwé ọmọ-ìlú ibòmíì dànù, àtẹni tó búra pé tiwọn lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ abala 28, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni abala 28 sì ń bá wí. Nínú ẹjọ́ Ogbeide àti Osula, lórí irú gbólóhùn kan náà tó wà fáwọn aṣòfin, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní páálí kejì ò gba ẹ̀tọ́ ọmọ-nípa-ìbí lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, alátakò tó bá fẹ́ pẹjọ́ á pè é. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kọ́mọ yín má fẹnu ara ẹ̀ búra.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Houston: Ó yé mi. Níbí, ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ yìí ò búra kankan. Èyí tó bá bá òbí ẹ̀ wá pẹ̀lú green card, ìwé ìgbé-títí Amẹ́ríkà, tí kò tíì pé 18, tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí yẹn, ọjọ́ tí òbí bá búra lòun náà di ọmọ-ìlú. Ẹ̀rí lásán ni ìwé tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù N-600 gbà. Ṣùgbọ́n tó bá ti pé 18, àfi kó fi fọ́ọ̀mù N-400 béèrè ìwé ọmọ-ìlú fúnra ẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kọ́dún yẹn bá yín lójijì.

Alàgbà, Peckham: UK yàtọ̀ díẹ̀. Láti 1983, ọmọ tí wọ́n bí síbí kì í ṣe ti ibí àfi tí òbí kan bá ti jẹ́ ọmọ-ìlú tàbí tó ti ní ìwé ìgbé-títí nígbà tí wọ́n bí i. Tí ìwé òbí bá dé lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù MN1, tí wọ́n fi ń forúkọ ọmọdé sílẹ̀ bí ọmọ-ìlú, lẹ máa kọ. Tọ́mọ bá gbé ibí fún ọdún 10 àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù T ni. Kò sí ìbúra fún ẹni tí kò tíì pé 18.

Ìyá Ìbejì, ìwé ìbí lẹ fẹ́ ṣọ́. Méjì ló wà: èyí kúkurú, kò sí orúkọ òbí níbẹ̀, kò fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ló bí i. Èyí gígùn tó ní orúkọ bàbá àti ìyá lẹ fẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà òbí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí náà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gba NIN ọmọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó lọ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ọlọ́dún 5 ni tọmọdé. Kí lẹ́tà orúkọ bára mu o! "Oyinkan" níbí, "Oyinkansọ́lá" lọ́hùn-ún, áfídéfì ló máa kù.

Ọmọ Òjé: Àjòjì tó gba ìwé wa ńkọ́? Àwọn ará Lébánónì tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́?

Bàbá Lọ́yà, Bódìjà: Ó gbọ́dọ̀ gbé ibí fún ọdún 15 kó tó gba ìwé, abala 307 sì ní kò gbọ́dọ̀ di ipò kankan mú fún ọdún 10 lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè ṣe aṣòfin, kò lè ṣe gómìnà tàbí Ààrẹ láé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá bí síbí lẹ́yìn tó gbàwé, ọmọ-nípa-ìbí ni!

Ọmọ Òjé: Èyí ò dáa tó lójú tèmi. Ṣebí "Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì" là ń kì í? Ògúnmọ́lá wá láti Fésù lẹ́bàá Ìwó, ó sì ṣe Baṣọ̀run. Ẹni tó ti lo ọdún 25 nílùú, kí ló kù tó fẹ́ fi hàn?

Alàgbà, Peckham: Fésù àti Lébánónì kì í ṣe ẹgbẹ́, ọmọ Òjé. Yorùbá ni Ògúnmọ́lá. Ṣùgbọ́n níbí, wọn ò béèrè ibi tí wọ́n ti bí olórí ìjọba: New York ni wọ́n bí Boris Johnson sí, Kánádà ni wọ́n bí Bonar Law sí.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ ṣé púpọ̀. Èyí kúkurú ló wà lọ́wọ́ o. Níbo ni mo ti lè gba gígùn?

Alàgbà, Peckham: Ọ́fíìsì tẹ́ ẹ ti forúkọ wọn sílẹ̀, tàbí GRO, ọ́fíìsì àpapọ̀ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.