Pickup 504 ń yí dáadáa, àmọ́ púlọ́ọ̀gì kò ṣáná

Onípikọ́ọ̀pù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Peugeot 504 pickup ni, petrol ló ń mu, contact set (ojú irin méjì inú distributor tó ń là, tó sì ń pàdé láti já iná kọ́ìlì) ló sì ń lò, kò ní brain box. Stáátà ń yí i dáadáa. Epo ń dé kàbúrẹ́tọ̀, kódà púlọ́ọ̀gì máa ń tutù fún epo tí a bá tú u, àmọ́ kò ṣáná rárá. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ tuntun. Wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì, tòkunbọ̀ ni wọ́n fi sí i. Rewáyà wá ní ká lọ ra odidi distributor, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Kí owó tó jáde, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Baba_Kọ́ìlì

Ẹ má tíì ra distributor o. Ẹ wá ibi tí iná ti já ná.

Iná méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Iná kékeré, fólítì 12, ń ti bátìrì gba ojú kọ́kọ́rọ́ wọ kọ́ìlì, ó ń lọ títí dé contact set. Iná ńlá ni èyí tí kọ́ìlì ń tu jáde, tó ń gba wáyà tó nípọn lọ sórí ìdérí distributor kí rotor, apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí náà, tó pín in fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Wáyà tó nípọn tó so kọ́ìlì mọ́ àárín ìdérí ni yóò jẹ́ ká mọ èyí tó kú.

Ẹ yọ ọ́ lórí ìdérí. Ẹ fi pílíásì tó ní rọ́bà lọ́wọ́ dì í mú, kí ẹnu rẹ̀ fi nǹkan bíi mílímítà 6 jìnnà sí irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan sì yí stáátà. Kí epo má jò nítòsí o! Bí iná búlúù bá ń ta, tó ń dún pàá pàá, kọ́ìlì àti contact set kò ní ẹjọ́. Rotor, ìdérí tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ mú. Bí kò bá ta, ìṣòro ti wà kí iná tó dé ìdérí.

Ẹ ṣí ìdérí náà, kí ẹ wò ó bóyá rotor ń yí bí stáátà ṣe ń yí. Bí kò bá yí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iná: ohun tó ń yí distributor nísàlẹ̀ tàbí ṣéènì táímìn ló já.

Onípikọ́ọ̀pù

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Rotor ń yí. Wáyà àárín kò ta iná kankan.

Wáyà_Pupa

Iná kékeré ló kù ká tọ̀ nìyẹn. Tẹ́sítà onígílóòbù ni kí ẹ lò, ó sàn ju mítà lọ níbí. Mítà lè ka fólítì 12 lórí wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, tí kò lè tan gílóòbù.

Ẹ so ẹsẹ̀ tẹ́sítà kan mọ́ bọ́dì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ìkejì kan + kọ́ìlì. Ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ tọ wáyà náà padà sí ojú kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí −, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí contact set bá là, tẹ́sítà á tàn. Tó bá pàdé, á kú. Nígbà tí stáátà bá ń yí, ó yẹ kó máa ṣẹ́jú.

Bó bá tàn tí kò kú rárá, iná kò rí ọ̀nà wọ bọ́dì. Ó lè jẹ́ pé ojú contact set ti dọ̀tí tàbí kò pàdé, tàbí kí wáyà tó ti − wọnú distributor ti já nínú rọ́bà rẹ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i, torí pé àwo inú distributor máa ń mì síwá sẹ́yìn. Bí kò bá wá tàn rárá lórí −, ẹ tú wáyà distributor kúrò níbẹ̀. Bó bá tàn lẹ́yìn ìyẹn, inú distributor ni iná ti ń kan bọ́dì: condenser (agolo kékeré tó ń gba iná mọ́ra kí ojú contact set má baà jó) ti kú, tàbí wọ́n to ike kékeré ìdí contact set lódì. Bí kò bá tàn síbẹ̀, kọ́ìlì ló já nínú.

Onípikọ́ọ̀pù

Ó tàn lórí +. Lórí −, ó tàn gbirin, kò ṣẹ́jú. Contact set kò tíì pẹ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ti jó, ó dúdú. Wọ́n kọ ọ́ sára kọ́ìlì náà pé kí a lò ó pẹ̀lú resistor (ohun tó ń dín iná tó ń wọ kọ́ìlì kù), ṣùgbọ́n mi ò rí resistor kankan.

Wáyà_Pupa

Ẹ ti mú olè. Ẹ wọn kọ́ìlì láti + sí −. Èyí tí kò nílò resistor máa ń tó nǹkan bíi ohm 3, ampere 4 ló máa ń fà. Oní-resistor jẹ́ nǹkan bíi 1.5, láìsí resistor, ampere 8 ni contact set ń gbé, kò sì lè ṣe kó má jó. Ẹ wá kọ́ìlì ohm 3, tàbí kí ẹ fi resistor ohm 1.5 síwájú eléyìí. Ẹ pààrọ̀ condenser pọ̀ mọ́ contact set, torí condenser tó ti kú náà máa ń jó o.

Kí ẹ tó náwó lórí kọ́ìlì, ẹ fi wáyà kan − mọ́ bọ́dì, kí ẹ sì yọ ọ́ lójijì. Bí wáyà àárín bá ta iná nígbà tí ẹ yọ ọ́, kọ́ìlì ṣì wà láàyè.

Hilux_22R

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Hilux 22R, ẹ má fi ti 504 yìí ṣe tiyín o. Igniter, àpótí ẹlẹ́kítíróníkì kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ contact set, ló wà lára kọ́ìlì tiyín. Pick-up inú distributor (kọ́ìlì kékeré tó ń fún igniter ní àmì, kì í ṣe ọkọ̀) ni kí ẹ wọn: ohm 140 sí 180, àlàfo rẹ̀ 0.2 sí 0.4 mm. Kọ́ìlì rẹ̀ kò ju ohm 0.4 sí 0.5 lọ, nítorí náà ẹni tó bá gbé e sínú 504 ti ba contact set jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì yí stáátà nígbà tí wáyà kọ́ìlì ń fì lójú afẹ́fẹ́. Igniter lè kú.

Baba_Kọ́ìlì

Oní-504, tí ẹ bá ra contact set tuntun, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti petrol díẹ̀ nu ojú rẹ̀, torí wọ́n máa ń fi òróró pa á kó má baà dípata. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí òróró yìí pè é ní ayédèrú. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí igun ọ̀pá distributor á fi la contact set dé òpin, kí ẹ fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) ṣe àlàfo rẹ̀ sí 0.40 mm. Gíríìsì bíńtín ni kí ẹ fi pa ara ọ̀pá náà: bí kò bá sí, ẹsẹ̀ ike contact set á jẹ, àlàfo á máa kéré títí tí kò fi ní là mọ́, bó bá sì pọ̀jù, á ta sí i lójú.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ṣe táímìn, ìyẹn àkókò tí iná ń ta. Bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ sí i ni iná á ṣe máa yá jáde sí i, nítorí náà táímìn tí ẹ bá ṣe ṣáájú á kàn bàjẹ́ ni.